KẸ̀KẸ́ INÚ PÁÁLÍ: TA NI YÓÒ TÒ Ó?

Ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú yín lónìí kò ṣe àjèjì sí ẹni tí ń gbé ní Apákún, ní Máfolúkù, tàbí ní ibòmíràn ní ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ ológeere ni. Kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì tí a ń fi agbára ẹsẹ̀ wà ni a ní lọ́kàn, kì í ṣe kẹ̀kẹ́ Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta. Lóde òní, ènìyàn lè jókòó sí yàrá rẹ̀, kí ó fi ìka tẹ fóònù lẹ́ẹ̀mẹta tàbí ẹ̀ẹ̀mẹrin, kí kẹ̀kẹ́ tuntun sì bá a lẹ́nu ọ̀nà nínú páálí láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà nínú páálí náà kò tíì di kẹ̀kẹ́. Ó ku ẹni tí yóò tò ó. Ta ni ẹni náà? Kí ni ó yẹ kí ó mọ̀? Bí kò bá sì mọ̀ ọ́n, kí ni ó lè tìdí rẹ̀ yọ? Àwọn ìbéèrè mẹ́ta yìí ni a fẹ́ tú palẹ̀ kí a tó dágbére fún ara wa.

Ohun tí ó dá kẹ̀kẹ́ padà sí ojú títì

Àwọn tí wọ́n ti dàgbà yóò rántí pé nígbà kan rí, kẹ̀kẹ́ ológeere ni ọkọ̀ akọ̀wé, òun ni ọkọ̀ olùkọ́, òun náà sì ni ọkọ̀ àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ jìnnà sí ilé. Nígbà tí alùpùpù dé, tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ sì pọ̀ sí i, ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Èkó wá ka kẹ̀kẹ́ sí ohun ìṣeré ọmọdé. Ohun méjì ni ó tún mú kí àwọn àgbàlagbà yíjú padà sí i ní agbègbè wa yìí.

Èkíní ni òfin ọ̀kadà. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ọdún 2022, ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin de ọ̀kadà pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà, wọ́n fi mẹ́rin kún un. Òṣòdì-Ìsọlọ̀ wà nínú mẹ́rin yìí, òun pẹ̀lú Kòsọ́fẹ́, Ṣómólú àti Muṣin. Ẹni tí ó ti máa ń gun ọ̀kadà láti Apákún dé ibi iṣẹ́ ní láti wá ọgbọ́n mìíràn dá. Èkejì ni owó epo pẹtiróòlù. Ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, lítà epo tí kò tó 200 náírà ní Èkó ti di 488 náírà, kò sì dúró níbẹ̀. Owó ọkọ̀ gun òkè tẹ̀ lé e.

Nígbà tí ọ̀ràn dé bẹ́ẹ̀, kí ni ó tún rọrùn ju kẹ̀kẹ́ tí kò mu epo lọ? Ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì sì ti wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Jumia àti Konga, àwọn méjèèjì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Èkó ní ọdún 2012, ọ̀pọ̀ àwọn mìíràn sì ti tẹ̀ lé wọn. Àwòrán kẹ̀kẹ́ ń dán gbinrin lójú fóònù, iye owó rẹ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, wọn yóò sì gbé e wá bá ènìyàn nílé. Àwọn àgbà kò fẹ́ kí a máa ra ẹfọ̀n láti ojú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ẹsẹ̀ náà ni àwòrán orí fóònù, nítorí kẹ̀kẹ́ tí a ti tò tán ni àwòrán ń fi hàn wá, irin tí a kò ì tíì tò pọ̀ ni páálí sì ń gbé wá.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí ní ayé àtijọ́

Kí a má ṣe rò pé àsìkò tiwa yìí ni kẹ̀kẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ní títú palẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Raleigh tí àwọn baba wa fi ṣe fàájì, ìlú Nottingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ ránṣẹ́ sí òkè òkun, wọn a máa tú u sínú àpótí kí ó má baà gba àyè púpọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi. Nítorí náà, kẹ̀kẹ́ inú àpótí kò yàtọ̀ sí kẹ̀kẹ́ inú páálí. Ibi tí ìyàtọ̀ wà ni pé ní ayé ìgbà náà, kì í ṣe ẹni tí ó ra kẹ̀kẹ́ ni ó ń tò ó. Oníṣọ́ọ̀bù ni ó ń tú àpótí, ọ̀gá atúnkẹ̀kẹ́ṣe àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ni wọ́n sì ń to kẹ̀kẹ́. Wọn a fi gírísì sí ibi tí ó yẹ, wọn a na sípóòkì kí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ má baà máa jó, wọn a gùn ún wò yí ká àdúgbò. Kẹ̀kẹ́ tí a ti gùn wò ni oníbàárà ń san owó lé lórí.

Iṣẹ́ gidi ni iṣẹ́ yìí. Ọmọ ń kọ́ ọ lọ́dọ̀ ọ̀gá fún ọdún gbọọrọ kí ó tó gba ìyọ̀ǹda. Ó sì lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi bí ilé iṣẹ́ ńlá: Olóyè Adéọlá Odùtọ́lá dá ilé iṣẹ́ táyà àti tíúbù kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, nítorí pé kẹ̀kẹ́ pọ̀ nígboro, àwọn tí ń tún un ṣe náà sì pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé nìyí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ọkàn bá a lọ. Nígbà tí ọjà orí íntánẹ́ẹ̀tì gba iwájú oníṣọ́ọ̀bù kọjá, ó dà bí ẹni pé iṣẹ́ títo kẹ̀kẹ́ ti parẹ́, nítorí a kò rí i nínú iye owó mọ́. Kò parẹ́ rárá. Ọwọ́ ni ó yí padà. Ó kúrò lọ́wọ́ ẹni tí ó kọ́ ọ, ó bọ́ sí ọwọ́ ẹni tí kò kọ́ ọ. Owó tí a rò pé a fi pamọ́ ni owó ẹni tí ì bá tò ó fún wa. Bí àtò náà bá sì ní àbùkù, àbùkù ọ̀hún kì í fi ara hàn nínú yàrá tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ojú títì ni ó máa ń dúró dè wá sí. Ẹ̀yin náà ẹ sì mọ irú títì tí ó wà ní ìtòsí Apákún: ọ̀nà tí ó lọ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú, àti títì márosẹ̀ tí ó wá láti Apápá gba Òṣòdì kọjá, níbi tí àwọn ọkọ̀ àjàgbé ti ń rìn. Ibẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí ènìyàn ti mọ̀ pé bíréèkì òun kò mú.

Fọ́ọ̀kì tí ó kọ ẹ̀yìn sí iwájú

Kẹ̀kẹ́ inú páálí kì í wá ní títú palẹ̀ pátápátá. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n ti dè pọ̀ láti ilé iṣẹ́. Ohun tí ó máa ń kù kò ju ẹsẹ̀ iwájú, ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìjókòó àti pẹ́dà méjèèjì lọ. Èyí ni ó ń tan ènìyàn jẹ pé iṣẹ́ kékeré ni ó kù. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó dáadáa: ohun tí a fi ń darí kẹ̀kẹ́, ohun tí a fi ń dá a dúró, àti ohun tí a fi ẹsẹ̀ tẹ̀, gbogbo wọn wà nínú àwọn tí ó kù yìí. Ìwọ̀nba tí a fi sílẹ̀ fún wa ni ẹ̀mí wa so mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí fọ́ọ̀kì, èyíinì ni irin ẹlẹ́ka méjì tí ó di ẹsẹ̀ iwájú mú. Kí kẹ̀kẹ́ lè wọ inú páálí tóóró, àwọn tí ń dì í máa ń yí fọ́ọ̀kì náà kọ ẹ̀yìn. Ẹni tí kò mọ̀, bí ó ti bá a nínú páálí ni yóò ṣe de ẹsẹ̀ àti ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́ ọn. Kẹ̀kẹ́ náà yóò dúró, yóò tilẹ̀ ṣeé gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní í gbọ́ràn sí ẹni tí ń darí rẹ̀ lẹ́nu bí ó ti yẹ, ẹsẹ̀ iwájú sì lè máa gbá àtẹ́lẹsẹ̀ ẹni tí ó gùn ún nígbà tí ó bá fẹ́ yà sí kọ̀rọ̀. Ọ̀nà àtimọ̀ ọ́n kò le. Bí fọ́ọ̀kì bá tẹ̀, iwájú ni ìtẹ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ kọjú sí. Bí kò bá tẹ̀, ẹ wo bíréèkì iwájú tí ó jẹ́ olójú rímù: iwájú fọ́ọ̀kì ni ibùgbé rẹ̀ lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá rí i tí ó wà láàárín fọ́ọ̀kì àti ara kẹ̀kẹ́, ẹ yára yí fọ́ọ̀kì padà kí ẹ tó de ohunkóhun mìíràn.

Pẹ́dà òsì tí kò gba ọ̀tún

Nínú gbogbo àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀, ti pẹ́dà ni ó ń ba kẹ̀kẹ́ jẹ́ jù lọ. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé bí a bá ń de nọ́ọ̀tì, apá ọ̀tún ni a ń yí i sí. Pẹ́dà ọ̀tún tẹ̀ lé àṣà yìí. Pẹ́dà òsì kò tẹ̀ lé e. Òsì ni a ń yí tirẹ̀ sí kí ó tó wọlé. Ẹni tí kò bá mọ èyí yóò fi agbára yí i sí ọ̀tún. Nígbà tí kò bá wọlé, yóò rò pé ó le ni, yóò sì tún fi sípánà tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Irin pẹ́dà le ju irin kíráǹkì tí ó ń wọ̀ lọ ní ọ̀pọ̀ ìgbà, nítorí náà yóò gé gbogbo tírẹ́ẹ̀dì inú kíráǹkì jẹ. Ó ti di pé kí a ra kíráǹkì tuntun nìyẹn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ni í le koko koko.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ lè béèrè ìdí tí àwọn tí ó ṣe é fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka tí ó tẹ̀ lé e ṣe òrùka, ẹ ki pẹ́ńsù kan bọ inú rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ara pẹ́ńsù náà rọ́ etí òrùka yìí ká láti inú. Ẹ óò rí i pé bí pẹ́ńsù bá ń yí òrùka ká gba apá ọ̀tún, òun fúnra rẹ̀ a máa yí sí òsì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ẹsẹ̀ wa tí ń tẹ pẹ́dà ṣe ń mú kí irin rẹ̀ máa rọ́ etí ihò kíráǹkì ká díẹ̀díẹ̀. Bí tírẹ́ẹ̀dì òsì bá rí bí ti ọ̀tún, gígùn tí a ń gun kẹ̀kẹ́ yóò máa tú u, títí pẹ́dà yóò fi já bọ́ lọ́jọ́ kan. Nítorí èyí ni wọ́n ṣe yí ti òsì padà, kí gígùn lè máa dè é sí i.

Ó yẹ kí àwa tí a ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ pápá ọkọ̀ òfuurufú mọ̀ pé àwọn tí ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ fò ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún 1903, Wilbur àti Orville Wright, iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ títà, títúnṣe àti ṣíṣe ni wọ́n ń ṣe jẹun ní ìlú Dayton ní Amẹ́ríkà. Ṣọ́ọ̀bù atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni wọ́n ti kọ́ bí irin ṣe ń bá irin lò pọ̀. Ẹni tí ó bá ń fojú tín-ínrín iṣẹ́ yìí, kí ó rántí wọn.

Ọ̀nà tí a kò fi ní í ṣìṣe rèé. Ẹ wo etí pẹ́dà kọ̀ọ̀kan: lẹ́tà R wà lára ti ọ̀tún, L sì wà lára ti òsì. Ọ̀tún àti òsì ẹni tí ó jókòó lórí kẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe ti ẹni tí ó dúró níwájú rẹ̀. Ẹ fi gírísì díẹ̀ pa tírẹ́ẹ̀dì. Ìka ọwọ́ lásán ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí i. Bí ó bá ti kọ̀, ẹ yọ ọ́, ẹ tún un bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá wọlé tán ni kí ẹ tó mú sípánà olójú 15 dè é pinpin. Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo tí ó kárí méjèèjì ni pé bí sípánà bá wà ní òkè pẹ́dà, apá iwájú kẹ̀kẹ́ ni a ń tì í sí láti dè é.

Àmì tí kò gbọdọ̀ hàn

Ẹ jẹ́ kí a kúrò níbẹ̀ bọ́ sí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ àti ìjókòó. Irin ìjókòó ní ìlà kékeré kan tí wọ́n fín sí i lára. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́, èyí tí ń wọ inú orí fọ́ọ̀kì lára ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú. Ìtumọ̀ ìlà yìí ni pé ibẹ̀ ni ó kéré jù lọ tí irin gbọ́dọ̀ wọlé dé. Bí a bá tò ó tán tí ìlà náà sì ń hàn lókè, irin tí ó wọlé kò tó. Ẹni tí ó ga, tí ó fẹ́ kí ìjókòó ga bá òun mu, ni ó sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ tí ó bá kó sínú kòtò, irin náà lè tẹ̀ tàbí kí ó dá. Kẹ̀kẹ́ tí ó tóbi díẹ̀ sí i ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ nílò, kì í ṣe kí ó fa irin sókè.

Láti mọ̀ bóyá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti mú dáadáa, ẹ dúró síwájú kẹ̀kẹ́, ẹ fi orúnkún méjèèjì há ẹsẹ̀ iwájú mọ́, kí ẹ sì gbìyànjú láti yí ọwọ́ náà. Bí ọwọ́ bá yí tí ẹsẹ̀ kò sì yí, àtò náà kò tíì parí. Ẹni tí ó bá gùn ún jáde bẹ́ẹ̀ yóò yà sí ọ̀tún pẹ̀lú ọwọ́, kẹ̀kẹ́ yóò sì máa lọ tààrà.

Bíréèkì àti ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́

Wáyà bíréèkì iwájú ni wọ́n sábà máa ń tú sílẹ̀ kí páálí lè gba kẹ̀kẹ́. Àwa ni a óò so ó padà. Ohun mẹ́ta ni kí a wò. Lọ́nà kìn-ín-ní, rọ́bà bíréèkì gbọ́dọ̀ mú ara rímù, kò gbọdọ̀ kan táyà rárá. Rọ́bà tí ó bá ń kan táyà yóò jẹ ẹ́ títí yóò fi bẹ́. Lọ́nà kejì, bí a bá fún bíréèkì mọ́ ọwọ́, irin tí a fún kò gbọdọ̀ kan ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ó bá kàn án, wáyà ti dẹ̀ jù. Lọ́nà kẹta, kí a fi gbogbo agbára fún un lẹ́ẹ̀mélòó kan nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì wà nílẹ̀, kí á wò ó bóyá wáyà yóò yọ́ kúrò lábẹ́ bóòtì tí ó dì í mú. Ó sàn kí ó yọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ju kí ó yọ́ lábẹ́ bíríìjì Òṣòdì lọ.

Ní ti ẹsẹ̀ iwájú, bí ó bá jẹ́ olónọ́ọ̀tì, ọ̀tún àti òsì ni a ó máa dè díẹ̀díẹ̀ ní ìdọ́gba, kí ẹsẹ̀ má baà wọ́ sí apá kan. Wáṣà kékeré tí ó ní ìkọ́ kò gbọdọ̀ ṣẹ́ kù sínú páálí. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ bí nọ́ọ̀tì bá tilẹ̀ dẹ̀. Àwọn kẹ̀kẹ́ kan wà tí wọn kò lo nọ́ọ̀tì bí kò ṣe irin ọlọ́wọ́ kan tí a ń pa dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń yí irin yìí bí ẹni yí nọ́ọ̀tì, wọn yóò sì rò pé ó ti mú. Kò mú. Ńṣe ni a ń pa á dé bí ẹni pa ilẹ̀kùn, ó sì gbọ́dọ̀ le tó bẹ́ẹ̀ tí ojú rẹ̀ yóò fi hàn ní àtẹ́lẹwọ́ ẹni tí ó pa á dé.

Bí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ bá ń jó nígbà tí a bá yí i, ọ̀rọ̀ sípóòkì ni. Bí ó bá ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù kéékèèké inú họ́ọ̀bù ni; ó lè jẹ́ pé wọ́n dè é jù, tàbí kí gírísì rẹ̀ máà tó. Bí kẹ̀kẹ́ bá ní jíà, tí ṣéènì sì ń fẹ́ ré bọ́ sí àárín sípóòkì, ìdè kéékèèké méjì kan wà lẹ́yìn tí a fi ń sé e mọ́. Ohun mẹ́ta yìí kì í ṣe ohun tí ẹni tí kò kọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi dánra wò. Ẹ gbé e lọ bá atúnkẹ̀kẹ́ṣe.

Ó tún ku ti afẹ́fẹ́. Iye tí táyà lè gbà wà lára rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́, níwájú lẹ́tà PSI. Tíúbù kẹ̀kẹ́ kéré púpọ̀ sí ti ọkọ̀, nítorí náà, bí fọkanáísà ẹ̀gbẹ́ títì bá ti ẹnu ẹ̀rọ ńlá bọ̀ ọ́ bí ó ti ń ṣe fún ọkọ̀ akẹ́rù, ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni yóò fi bẹ́. Ẹ sọ fún un kí ó máa fún un ní díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ lo pọ́ǹpù ọlọ́wọ́.

Kẹ̀kẹ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ náà ní tirẹ̀. Òmíràn kò ní bíréèkì ọlọ́wọ́ lẹ́yìn. Bí ọmọ bá fi ẹsẹ̀ wà á padà sẹ́yìn ni ó ń dúró. Irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ ní apá irin pẹlẹbẹ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ họ́ọ̀bù ẹ̀yìn tí a gbọ́dọ̀ fi bóòtì dè mọ́ ara kẹ̀kẹ́. Bí a kò bá dè é, bíréèkì kò sí níbẹ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìdùnnú ọjọ́ ìbí mú yín gbàgbé rẹ̀.

Ṣé kí a má ra kẹ̀kẹ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì mọ́ ni?

Ẹnìkan lè wí pé ohun tí a ń sọ yìí fẹ́ dẹ́rù ba àwọn ènìyàn, àti pé ó dára kí ọ̀dọ́ kọ́ láti fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe nǹkan. Òótọ́ ni ẹni náà sọ. A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra ọjà ní ibi tí ó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, a kò sì ní kí ọ̀dọ́ má tú páálí. Ohun tí a ń wí ni pé títò yàtọ̀ sí yíyẹ̀wò. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè to kẹ̀kẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ojú kejì tí ó mọ iṣẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó dé títì. Kí ó ka owó atúnkẹ̀kẹ́ṣe mọ́ iye owó kẹ̀kẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá ti fi kún un, nígbà náà ni yóò tó mọ̀ bóyá ti orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ́n-ọ́n-bélé ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ ní òtítọ́.

Ẹlòmíràn yóò tún béèrè pé, bí páálí bá dé tí irin kan kò sí nínú rẹ̀, tàbí tí ìwé ìlànà kò sí ńkọ́? Ìlànà àgbáyé tí ó wà fún ààbò kẹ̀kẹ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ ISO 4210, béèrè pé kí ẹni tí ó ṣe kẹ̀kẹ́ fi ìwé àlàyé sí i, kí ó sì sọ bí a ó ṣe to èyí tí a kò bá tíì tò àti bí a ó ti de ìdè kọ̀ọ̀kan le tó. Nítorí náà, ìwé ìlànà kì í ṣe ọ̀fẹ́ tí olùtajà fi ta wá lọ́rẹ. Ara kẹ̀kẹ́ ni. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2018 lórí ìdíje ọjà àti ààbò oníbàárà fún ẹni tí ó ra ọjà ní ẹ̀tọ́ láti gba ohun tí ó dára tí kò sì léwu, àti láti dá èyí tí kò bá àpèjúwe rẹ̀ mu padà. Àjọ FCCPC ni ó ń mú òfin yìí ṣẹ ní gbogbo Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ tirẹ̀, LASCOPA, tí a lè mú ẹjọ́ lọ bá.

Ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ láìsí ẹ̀rí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kí ẹ tó tú páálí, ẹ ya àwòrán rẹ̀. Bí ẹ ti ń tú u, ẹ ka irin inú rẹ̀ mọ́ ohun tí ìwé ìlànà sọ. Ẹ má ṣe da páálí nù títí kẹ̀kẹ́ yóò fi rìn. Bí ohun kan kò bá wọlé, ẹ má ṣe fi òòlù tì í wọlé, nítorí pé bí ẹ bá ti fi agbára ba tírẹ́ẹ̀dì jẹ́, olùtajà yóò wí pé ọwọ́ yín ni ó bà á jẹ́, ó sì lè jàre.

Iṣẹ́ tí ó kan ẹ̀yin olùkọ́

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀kọ́ ńlá wà nínú páálí kan ṣoṣo. Ẹni tí ń kọ́ni ní ìmọ̀ físíìsì lè fi pẹ́dà òsì ṣàlàyé bí ohun tí ń yí po ṣe ń bá ara wọn lò. Ẹni tí ń kọ́ni ní èdè Yorùbá lè ní kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ ìlànà títo kẹ̀kẹ́ ní èdè tí ìyá wọn yóò gbọ́ yé. Ẹ óò sì rí i pé iṣẹ́ náà kò rọrùn, nítorí ọ̀pọ̀ ìwé ìlànà ni a kò kọ ní èdè tiwa. Èdè àwọn atúnkẹ̀kẹ́ṣe ni ó ti kún dẹ́nu fún iṣẹ́ yìí tipẹ́tipẹ́. Sípóòkì, rímù, ṣéènì, fọ́ọ̀kì, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti sọ di ọmọ ilé. Ẹ pe ọ̀kan nínú wọn wá sí kíláàsì. Kí ó to kẹ̀kẹ́ níṣojú àwọn ọmọ, kí ó máa sọ ohun tí ó ń ṣe bí ó ti ń ṣe é. Ọmọ tí ó bá rí èyí kò ní í fojú ẹni tí kò kàwé wo oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́.

Ní àkótán, kí ẹnikẹ́ni tó gun kẹ̀kẹ́ tuntun jáde, kí ó dáhùn ìbéèrè márùn-ún yìí. Ṣé fọ́ọ̀kì kọjú síwájú? Ṣé pẹ́dà R wà ní ọ̀tún, tí L wà ní òsì, tí àwọn méjèèjì sì wọlé tán? Ṣé àmì ara irin ìjókòó àti ti ọrùn ọwọ́ kẹ̀kẹ́ ti wọlé, tí wọn kò hàn mọ́? Ṣé bíréèkì méjèèjì mú, tí rọ́bà wọn kò sì kan táyà? Ṣé ẹsẹ̀ méjèèjì le gírígírí, tí wọn kò jó, tí wọn kò sì dún? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ rárá, kí kẹ̀kẹ́ náà má ṣe kúrò nílé. Bí gbogbo rẹ̀ bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kí ó kọ́kọ́ gùn ún ní àdúgbò tí ọkọ̀ kò pọ̀ sí, kí ó sì tún gbogbo ìdè yẹ̀ wò lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nítorí wáyà tuntun a máa dẹ̀, nọ́ọ̀tì tuntun a sì máa rọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó jókòó.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Inú ilé ni òkèèrè kẹ̀kẹ́, títì ni igi gogoro rẹ̀ wà.